Ìwé dé, wọ́n ní rárá: ṣé kí n máa kó ẹrù ni?

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo yọ sọ́tọ̀ fún oṣù yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: àwọn èèyàn wa tó béèrè ààbò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí gbogbo wa ń pè ní asylum, tí Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì, wá dá lóhùn pé àwọn ò fún wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá abala yìí bọ̀ mọ̀ pé ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe ògbufọ̀ ní ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì, kí n tó kàwé gba àṣẹ láti máa fúnni nímọ̀ràn. Mo ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá tó ń sunkún, tí mo ní láti dúró kó sun ún tán kí n tó lè gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìwé òfin lásán lójú mi.

Ẹni tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́, alẹ́ ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ̀ dé ni mo ti dá a lóhùn, torí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò lè dúró de ìwé ìròyìn. Òun ló ní ká tẹ̀ ẹ́ jáde fún àǹfààní ẹlòmíì.

*Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Bolton ni mò ń gbé pẹ̀lú ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́fà. Torí rẹ̀ ni mo ṣe kúrò nílé. Àwọn ẹbí bàbá rẹ̀ ní dandan ni kí wọ́n dá abẹ́ fún un. Wọ́n ti ṣe é fún ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, díẹ̀ ló kù kí ẹ̀jẹ̀ pa ọmọ náà. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni mo fi retí èsì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lọ́yà mi pè mí pé ìwé ti jáde, wọ́n ní rárá. Ó fi í ránṣẹ́ sórí fóònù mi, ojú ìwé mẹ́tàdínlógún. Mo ka méjì, ojú mi ṣú. Wọ́n ní irọ́ ni mo pa. Wọ́n ní mo sọ pé bàbá mi kú ní 2009, mo tún sọ pé bàbá mi ló wá bá mi ní 2022 pé kí n mú ọmọ wá. Wọ́n ní tó bá tiẹ̀ jẹ́ òótọ́, kí n lọ máa gbé Èkó tàbí Àbújá. Lọ́yà mi ní òun ò rò pé ẹjọ́ náà lè yege, pé legal aid ò ní san owó rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wá ní kí n tètè kó kúrò nínú ilé kí wọ́n má bàa wá kó wa lóru. Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n máa kó ẹrù ni?*
*— Ìyá ọmọ kan, Bolton*

Àbúrò mi, má kó ẹrù kankan. Fi àpò yẹn sílẹ̀, kí o jókòó.

Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ kò ní kí o jáde nílẹ̀ yìí lónìí. Ohun tí Home Office rò nípa ọ̀rọ̀ rẹ ló wà nínú rẹ̀, òfin sì fún ọ láyè láti gbé e kúrò lọ́wọ́ wọn lọ síwájú adájọ́ tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn. First-tier Tribunal ni wọ́n ń pe ilé ẹjọ́ náà. Bí ẹjọ́ rẹ bá wọlé lásìkò, kò sẹ́ni tó lè gbé ẹ̀yin méjèèjì wọ bàálù níwọ̀n ìgbà tí ẹjọ́ bá ṣì wà nílẹ̀. Owó oúnjẹ tó ń wọ káàdì ASPEN rẹ kò ní dúró, ilé tí wọ́n fi yín sí kò ní bọ́ lọ́wọ́ yín, ọmọ á sì máa lọ síléèwé bó ṣe ń lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìfẹ́ ló fi sọ̀rọ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kó kúrò ní àdírẹ́sì tí wọ́n mọ̀, lẹ́tà ilé ẹjọ́ kò ní bá a mọ́, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó sá, wọ́n sì lè gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tán láìsí i níbẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wá lóru.

Kàlẹ́ńdà ló yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù. Ọjọ́ 14 lo ní láti fi ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sílẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ ni wọ́n ti ń ka bọ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí o rí ìgboyà ṣí i. Bí wọ́n bá fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ kẹta oṣù, ọjọ́ kẹtàdínlógún ni òpin. Sátidé wà nínú rẹ̀, Sunday wà nínú rẹ̀. Má fi ìtàdógún ẹgbẹ́ ka tìẹ o, ìyẹn á ti kọjá ọjọ́.

Ọkùnrin kan wà tó ki ìwé tirẹ̀ bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní bí òun bá ti rí àpòòwé náà, inú òun á bẹ̀rẹ̀ sí í run. Ọjọ́ kejìlélógún ló mú un tọ̀ mí wá, pákó bẹ́ẹ̀dì ti fa ìlà mẹ́ta gbọọrọ sára àpòòwé náà, kò sì tíì ya ẹnu rẹ̀. Èmi ni mo ya á. A ṣì gbé ẹjọ́ náà lọ, a kọ àlàyé ìdí tó fi pẹ́, dókítà rẹ̀ kọ̀wé pé kì í sùn, pé ẹ̀rù máa ń mú un débi pé kò lè ka lẹ́tà kankan. Adájọ́ gbà á wọlé. Ṣùgbọ́n ó lè má gbà á. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí a fi ń retí bóyá yóò gbà, ojoojúmọ́ ni ọkùnrin yẹn ń pè mí ní aago méje àárọ̀, kò ní sọ nǹkan kan, á kàn ní, 'Ẹ káàárọ̀ mà.'

Ti lọ́yà rẹ wá ńkọ́? Bó ṣe sọ pé legal aid, owó tí ìjọba fi ń gba lọ́yà fún ẹni tí kò lówó, ò ní san án, ohun tó ń wí ni pé lójú tòun, ẹjọ́ náà kò lágbára tó bí òfin ṣe fẹ́ kí ìjọba tó náwó lé e. Èrò tirẹ̀ nìyẹn, kò tíì di ìdájọ́. Béèrè fọ́ọ̀mù CW4 lọ́wọ́ rẹ̀. Fọ́ọ̀mù yẹn ló ń gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ Legal Aid Agency kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó tọ́ kó kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ó yẹ kó fún ọ láìjẹ́ pé o bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n bí kò bá rántí, ìwọ rántí. Máa wá lọ́yà mìíràn tó ń gba legal aid lọ́wọ́ kan náà, kí o mú ìwé mẹ́tàdínlógún yẹn dání lọ. Má sì tìtorí pé o ń wá lọ́yà jẹ́ kí ọjọ́ 14 kọjá. O lè fi ẹjọ́ náà sílẹ̀ fúnra rẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí lórí fọ́ọ̀mù. Àlàyé kúkúrú tó láti fi wọlé; ẹ̀rí lè tẹ̀ lé e. Owó ẹjọ́ náà kò kàn ọ́, torí ẹni tó bá ń gba ìrànlọ́wọ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní section 95, bíi tìẹ, kì í san án.

Lẹ́yìn ìyẹn, tẹ ìwé náà sórí bébà. Má kà á lórí fóònù mọ́. Mú báírò pupa, kí o jókòó ti ẹnì kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa tí ọkàn rẹ sì balẹ̀ mọ́. Ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Níbi tí wọ́n bá ti ní wọn ò gbà ọ́ gbọ́, fa ìlà sí i, kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá. Níbi tí wọ́n bá ti gbà ọ́ gbọ́, fàlà síbẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé irú ibẹ̀ wà nínú ìwé wọn, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n bá ti gbà, ìjà ti kúrò lórí ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn, bí mo ṣe kà á nínú lẹ́tà rẹ ni mo sọ sókè ní kíṣíìnì mi pé, 'Bàbá wo?' Ó jọ pé àbúrò bàbá ọkọ rẹ ni, àbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Nílé wa, bàbá ni gbogbo wọn. Ìyàwó ilé wo ló máa la ẹnu pe àgbàlagbà ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ? O ní 'bàbá mi wá bá mi', ògbufọ̀ gbé e sí Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe gbọ́ ọ, ẹni tó ń bi ọ́ léèrè kọ ọ́ sílẹ̀ pé bàbá tó bí ọ lọ́mọ, tó ti kú ní 2009, tún dìde wá bá ọ ní 2022. Nínú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sẹ́ni tó purọ́. Mo mọ bó ṣe ń rí torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi níbi iṣẹ́. Obìnrin kan ní, 'Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti gbúròó rẹ̀ gbẹ̀yìn', mo sì ní ọjọ́ mẹ́ta fún adájọ́, ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ náà ò tíì tán lẹ́nu mi tí mo fi rí i pé mo ti ṣìnà. Mo tọrọ àyè, mo ṣàlàyé pé tí Yorùbá bá ní ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta, ó lè jẹ́ ọdún kan. Adájọ́ fi kálàmù rẹ́ ohun tó ti kọ, ó sì kọ òmíràn. Mo ṣì máa ń ro ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ sí obìnrin yẹn ká ní mo dákẹ́.

Nítorí náà, béèrè fún ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò. Kí ògbufọ̀ mìíràn gbọ́ ọ, kó kọ ohun tí o sọ sílẹ̀ ní Yorùbá gẹ́lẹ́ kó tó túmọ̀ rẹ̀. Kí wọ́n bá ọ wá ìwé ẹ̀rí ikú bàbá tó bí ọ. Ikú yẹn ni wọ́n fi pè ọ́ ní òpùrọ́, òun náà ló máa gbè ọ́, torí bí òkú kò bá lè rìn, a jẹ́ pé ẹlòmíì ni bàbá tó wá ní 2022. Kọ orúkọ ẹni náà sínú ìwé ẹ̀rí rẹ, ohun tó jẹ́ sí ọkọ rẹ, àti ìdí tí o fi ń pè é ní bàbá. Má rò pé wọ́n mọ̀. Wọn ò mọ̀.

Ti Èkó àti Àbújá, òun ni mò ń bá pàdé jù nínú ìwé àwọn èèyàn wa. Ohun méjì ni adájọ́ máa wò: ṣé ewu náà lè tẹ̀ lé ọ débẹ̀, àti ṣé gbígbé ibẹ̀ kò ní nira ju ohun tó yẹ ká bù fún èèyàn lọ. Má kàn dáhùn pé ìlú le. Sọ ẹni tó lè rí ọ níbẹ̀: ẹbí ọkọ rẹ tó ń gbé Èkó bí wọ́n bá wà, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn, ẹni tó ń ṣòwò láàárín méjèèjì. Sọ ẹni tí o ní tó lè gbà ọ́ sílé àti ẹni tí o kò ní. Sọ iṣẹ́ tí o mọ̀, ẹni tí yóò dúró ti ọmọ bí o bá jáde lọ ṣe é, àìsàn tó bá ń ṣe ọ́. Wọ́n á tún ní òfin VAPP, èyí tó lòdì sí ìwà ipá, ti de dídábẹ́ ní Nàìjíríà láti 2015. Òótọ́ ni, òfin wà. Ìwọ sọ bóyá o fẹjọ́ sun ẹnikẹ́ni, ohun tí wọ́n fi dá ọ lóhùn, tàbí ìdí tí o kò fi lè lọ.

Lọ bá dókítà. Ó lè yẹ ọmọ wò kó kọ ọ́ pé wọn ò tíì dá a lábẹ́. Bí wọ́n bá ti ṣe é fún ìwọ náà rí, ìwé lórí tìẹ ṣe pàtàkì púpọ̀. Mo mọ̀ pé ó ń tini lójú. Ilé ẹjọ́ ẹbí níbí tún lè pàṣẹ tó ń dáàbò bo ọmọbìnrin tí wọ́n bá fẹ́ dá lábẹ́. Láti 2015 ni irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ti wà. Kò de Home Office lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ pépà, ìyẹn ìwé ìgbélùú, ṣùgbọ́n adájọ́ rẹ á kà á sí.

Nígbà tí ẹ̀rí rẹ àti àlàyé lọ́yà bá ti wọlé, Home Office gbọ́dọ̀ tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, wọ́n sì máa ń yí èrò wọn padà nígbà mìíràn kí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tó pé. Bí wọn ò bá yí i, ìwọ, lọ́yà rẹ, agbẹnusọ Home Office, ògbufọ̀ àti adájọ́ lẹ ó jọ wà nínú yàrá. Ilé ẹjọ́ ló ń san owó ògbufọ̀. Bí o kò bá gbọ́ ohun tó sọ yé, tàbí o gbọ́ pé ó túmọ̀ rẹ sódì, gbé ọwọ́ sókè lójú ẹsẹ̀. Kò ní bínú; bó bá sì bínú, kó bínú. Adájọ́ kì í sábà sọ ìdájọ́ lọ́jọ́ yẹn, lẹ́tà ló máa ń fi ránṣẹ́. Tó bá ní rárá, ọjọ́ 14 mìíràn tún wà láti béèrè àyè lọ sí Upper Tribunal, ilé ẹjọ́ tó ga jù ú lọ, ṣùgbọ́n níbẹ̀, àṣìṣe tó bá ṣe nínú òfin nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Wọn kì í tún gbogbo ìtàn sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí gbogbo ẹ̀rí rẹ wọlé ní ìgbà àkọ́kọ́.

Béèrè ohun kan sí i lọ́wọ́ lọ́yà. Ọmọ tó bá ti lo ọdún 7 nílẹ̀ yìí lè ní ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀, bí kò bá bójú mu kí wọ́n ní kó lọ. Èyí tí wọ́n bá sì bí síbí, tó gbé ibí fún ọdún 10 àkọ́kọ́ ayé rẹ̀, lè forúkọ sílẹ̀ bí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èyí kejì kò kan tìẹ, ṣùgbọ́n ẹnì kan tó ń ka ìwé yìí lè nílò rẹ̀.

(Ó fi ẹjọ́ náà wọlé lọ́jọ́ kọkànlá. Lọ́yà mìíràn ti gbà á. Bàbá tó wá ní 2022, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ rẹ̀ ni.)

*Arábìnrin wa, mo kí yín. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, Leeds ni mo wà. Ọ̀rọ̀ òṣèlú ló lé mi kúrò nílé. Ìwé tèmi kò sọ pé kí n pe ẹjọ́, ńṣe ló ní mi ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i, pé wọ́n ti 'certify' ọ̀rọ̀ mi. Ọmọ wa kan níbí ní kí n san £1,500, òun á bá mi ṣe fresh claim láàárín ọ̀sẹ̀ kan, pé òun mọ ẹni nínú wọn. Ṣé kí n san án?*
*— B., Leeds*

Ẹ̀yin bàbá, ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ní òun mọ ẹni nínú wọn, ẹ kí i, kẹ́ ẹ sì máa bá tiyín lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe òfin 1999, ẹ̀ṣẹ̀ ni fún ẹni tí kò gba àṣẹ láti máa fúnni nímọ̀ràn lórí pépà nílẹ̀ yìí. Immigration Advice Authority ni àjọ tó ń fúnni ní àṣẹ náà báyìí. OISC ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Orúkọ gbogbo ẹni tó gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti àwọn lọ́yà sì wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tiwọn. Ẹ ní kí ọmọ yín wá orúkọ ọkùnrin yẹn níbẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín nìyí. Nínú òfin 2002, ní section 94, wọ́n ní àkójọ àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n gbà pé ewu kì í sábà sí níbẹ̀. Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ti ọkùnrin nìkan ni wọ́n kọ. Fún ẹni tó bá ti ibẹ̀ wá, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá, àfi bí wọ́n bá rí ìdí tí kò fi rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní 'certify' nìyẹn. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí wọ́n bá ṣe irú èyí fún lè pe ẹjọ́ bó bá ti padà délé. Láti oṣù kẹfà 2022, wọ́n ti gba ìyẹn náà. Ó ń dùn mí, n kò ní fi pa mọ́ fún yín, torí àwọn ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ wọn wúwo wà láàárín wọn.

Ọ̀nà kan tó kù ni judicial review. Níbẹ̀, adájọ́ kò ní gbọ́ ìtàn yín látòkè délẹ̀. Ohun tó máa wò ni bóyá ó bófin mu láti sọ pé ọ̀rọ̀ yín kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí adájọ́ kan bá wà tó lè gbà yín gbọ́ lórí ohun tó wà nílẹ̀, a jẹ́ pé kò yẹ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ yín. Oṣù mẹ́ta ni òpin, òfin sì ní kẹ́ ẹ tètè ṣe é, torí náà ẹ má fi oṣù mẹ́ta yẹn ṣe ìsinmi. Ó ṣòro púpọ̀ láti ṣe é láìsí lọ́yà. Ẹ wá èyí tó ń gba legal aid, kẹ́ ẹ sọ fún un láti orí fóònù pé section 94 ni, kó lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kánjúkánjú ni.

Fresh claim tí wọ́n ń wí, further submissions lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé, paragraph 353 nínú ìlànà wọn ló sì wà. Ó wà fún ẹni tó bá ní ohun tuntun: ìwé tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé lẹ́yìn tí wọ́n dáhùn, ẹlẹ́rìí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú. Ohun tuntun náà sì gbọ́dọ̀ lágbára débi pé adájọ́ kan lè torí rẹ̀ dá yín láre. Bí ẹ bá tún ìtàn àkọ́kọ́ kọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n á dá a padà. Kò gba £1,500. Ẹni tí legal aid bá gbà kì í san nǹkan kan.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹjọ́ mi ti parí pátápátá, Upper Tribunal náà ní rárá. Wọ́n ti kọ̀wé pé kí n kúrò nínú ilé lẹ́yìn ọjọ́ 21. Èmi nìkan ni. Ẹ̀rù ń bà mí láti lọ sáìnì, wọ́n lè mú mi níbẹ̀. Mo tún ń rò ó bóyá kí n kúkú padà sílé. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.*
*— Ọmọkùnrin kan, Hull*

Àbúrò, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àti gbogbo ẹni tó wà nínú irú èyí.

Bí ẹjọ́ bá ti parí, ọjọ́ 21 ni section 95 máa ń fún ẹni tó dá wà. Ìdílé tó bá ní ọmọ nílé kí ẹjọ́ tó parí kì í tètè bọ́ sínú èyí. Ṣùgbọ́n òmíràn wà, section 4. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń bọ́ sí i. O gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí kò ní owó tàbí ilé, kí o sì wà nínú ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí: pé o ti ń ṣe ètò àtipadà sílé, pé àìsàn kò jẹ́ kí o lè rìnrìn àjò, pé ilé ẹjọ́ ti gba judicial review rẹ wọlé, tàbí pé bí wọ́n bá fi ọ́ sílẹ̀ lójú títì, wọ́n á tẹ ẹ̀tọ́ rẹ gẹ́gẹ́ bí ènìyàn mọ́lẹ̀, bíi ti ẹni tí further submissions rẹ̀ wà níwájú wọn tí wọn ò tíì dáhùn. Fọ́ọ̀mù ASF1 ni wọ́n ń kọ, Migrant Help, àjọ aláàánú kan, á sì bá ọ kọ ọ́ lórí fóònù, o lè ní kí wọ́n wá ògbufọ̀ Yorùbá. Bí wọ́n bá gbà, ilé ni wọ́n máa fún ọ, pẹ̀lú owó lórí káàdì, £49.18 lọ́sẹ̀ ni ní 2024. Ti section 4, ìsọ̀ lo ti lè fi káàdì náà rajà, kò ṣe é fi gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ, torí náà ṣètò owó ọkọ̀ rẹ lọ́nà mìíràn. Bí wọ́n bá kọ̀, o lè pe ẹjọ́ lórí ìyẹn náà, àmọ́ ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n fún ọ. Má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú lé e.

Kí ọjọ́ 21 tó pé, bí o kò bá tíì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, dókítà àdúgbò, lọ ṣe é. Kò pọn dandan kí o fi pépà hàn kí wọ́n tó gbà ọ́. A&E, ibi ìtọ́jú pàjáwìrì, náà kò béèrè owó. Ilé ìwòsàn ńlá lè béèrè owó lọ́wọ́ ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ ti parí tí kò sì sí lórí section 4, ṣùgbọ́n ìtọ́jú tí o ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹjọ́ tó parí, wọn ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lórí rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Nípa àtipadà sílé, n kò ní sọ fún ọ pé kí o lọ, n kò sì ní sọ pé kí o má lọ. Ìwọ lo mọ ohun tó wà nílé. Mo kàn fẹ́ kí o mọ iye tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan máa ná ọ lọ́jọ́ iwájú. Bí o bá fi owó ara rẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ, ọdún kan ni wọn ò ní gbà ọ́ padà. Bí ìjọba bá san án láàárín oṣù mẹ́fà tí ẹjọ́ rẹ parí tàbí tí wọ́n sọ fún ọ pé kí o lọ, ọdún méjì. Bí o bá dúró ju ìyẹn lọ kí o tó gba owó wọn, ọdún márùn-ún. Bí wọ́n bá fi tipátipá gbé ọ, ọdún mẹ́wàá. Ètò àtipadà wọn lè fún ẹni tó bá yẹ ní owó tó tó £3,000 láti fi bẹ̀rẹ̀ ayé. Rí lọ́yà kí o tó fọwọ́ sí nǹkan kan, torí bí o bá ti fọwọ́ sí i pé ò ń lọ, ohun tó bá ṣì wà níwájú wọn lórúkọ rẹ, wọ́n á pa á tì.

Ti sáìnì, ìyẹn lílọ fojú hàn lọ́dọ̀ Home Office lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá fún ọ: lọ. Mo mọ bí àyà ṣe máa ń já lójú ọ̀nà ibẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó lọ ni wọ́n ń mú, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lọ ti fún wọn ní ìdí láti mú un, bó bá sì tọrọ béèlì lọ́la, ọjọ́ tí kò lọ yẹn ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé jáde. Sọ fún ẹnì kan kí o tó jáde nílé, ní kó pe lọ́yà bí kò bá gbúròó rẹ di ọ̀sán. Bí wọ́n bá dá ọ dúró, ẹ̀tọ́ rẹ ni ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pẹ̀lú lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú àtìmọ́lé, béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ tí o bá débẹ̀. O lè tọrọ béèlì lọ́wọ́ adájọ́. Àdírẹ́sì tí o máa padà sí ló máa ń ṣòro jù, torí náà bá ẹni tó lè gbà ọ́ sílé sọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí, kó má jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá mú ọ. Kó oògùn rẹ dání bí o bá ń lò ó. Kọ nọ́ńbà lọ́yà àti ti ẹnì kan tó mọ̀ ọ́ sórí bébà, kí o fi sínú àpò ṣòkòtò rẹ. Fóònù tó bá ní kámẹ́rà, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀ á sì bá a lọ.